Mílíọ̀nù kan àbọ̀ fún sẹtífíkéètì wáyà bàálù: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Wàndó (Àjàṣẹ́):
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Pọ́táábù, ìyẹn fóònù, àti ràdíò ni mò ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà Wàndó, ọdún kẹfà mi rèé nídìí irin sódà, mo ní bàkì F2, ìwé ẹ̀rí girama ti iṣẹ́ ẹ̀rọ oníná, àmọ́ owó ò jẹ́ kí n tẹ̀síwájú. Níjọsí ni ọ̀rẹ́ mi kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, àwọn èèyàn wọ kóòtù funfun, wọ́n ń to wáyà bàálù sórí pátákó gbọọrọ kan, wáyà tó pọ̀ bí irun orí, kò sí èyí tó lọ́ mọ́ra, mo wò ó títí kúràn fi lọ. Wọ́n ní avionics, iṣẹ́ ẹ̀rọ oníná inú bàálù, ni wọ́n ń pè é, Faransé ń pe ẹni tó ń to wáyà ẹ̀ ní câbleur aéronautique. Ibi tí mo ti ń rò ó ni ọ̀gbẹ́ni kan ti yọ ní Kútọnu, ó ní òun á bá mi ṣe sẹtífíkéètì ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, pé bí mo bá ṣe ń gbà á báyìí kóńtìrà ti wà nílẹ̀ lókè òkun, kí n ṣáà mú 1,500,000 CFA wá. Ìyá mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ ẹ̀ kan lọ́nà Àjàrá. Kí n tó jẹ́ kó tà á ni mo ní kí n bi yín, ṣé iṣẹ́ yìí gba irú wa, kí sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an láti àárọ̀ dalẹ́?

Ará_Kétu (Toulouse):
Sọ fún màmá kí wọ́n má ta ilẹ̀. Lọ sọ ọ́ báyìí kó o tó padà wá ka ohun tí mo fẹ́ kọ.

O ti lọ? Ó dáa. Ọmọ Kétu ni mí, kò jìnnà sí Àkàbà Idẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, nilé wa, ọdún 11 rèé tí mo ti wà nídìí wáyà bàálù níbí. Iṣẹ́ méjì ló wà tí àwọn tó ń jẹ owó ọmọ aráyé máa ń lú pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni ti ẹni tó ń tún bàálù ṣe ní pápákọ̀, bàálù tó ti ń fò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló nílò láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní B2 ní Yúróòpù. B2 ò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ló ń fúnni, ìdánwò ẹ̀ pọ̀ bí ewé, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan o gbọ́dọ̀ mú 75 nínú 100, tó o bá yege tán wọ́n á tún bi ọ́ pé ọdún mélòó lo ti fi ọwọ́ ara ẹ ṣiṣẹ́ lára bàálù tó ń fò, ọdún 2 fún ẹni tó gba iléèwé tí wọ́n fọwọ́ sí kọjá, 3 fún ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó bá a tan, 5 fún ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta ọ̀gbẹ́ni yẹn dà níbẹ̀?

Èkejì ni tèmi, èyí tó o rí nínú fídíò. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù tuntun tàbí tó ń ṣe wáyà àti àpótí ẹ̀rọ tó máa wọ inú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè B2 lọ́wọ́ wa. Ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló gba àṣẹ, àwọn ló ń kọ́ ẹ, wọ́n á dán ẹ wò, wọ́n á wá fún ẹ ní òǹtẹ̀ tó ní nọ́ńbà ẹ lára, gbogbo ibi tó o bá fọwọ́ kàn lo máa tẹ òǹtẹ̀ yẹn sí, ogún ọdún sí i tí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀ wọ́n ṣì lè wá ìwé yọ kí wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni.

Ìwé tí wọ́n máa ń béèrè lágbo tiwa ni ti IPC, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà iṣẹ́ ẹ̀rọ oníná. IPC/WHMA-A-620 fún wáyà, J-STD-001 fún sódà, IPC-A-610 fún ẹni tó ń yẹ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ wò. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ọdún 2 ló ń lò kó tó kú kó o tún un ṣe, ilé iṣẹ́ ló sì máa ń san án fún ọ̀pọ̀ wa. Ó dáa téèyàn bá ní in àmọ́ òun nìkan kò lè fún ẹ níṣẹ́, bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni, ó ní ìwé kò ní kí wọ́n fún un ní mọ́tò.

Zẹm_Kò_Sùn (Àjàṣẹ́):
Ẹ̀gbọ́n Kétu ẹ ṣeun. Èmi tí mò ń gun zem, ọ̀kadà akérò, kiri yìí, ọmọ ilé wa kan ní Ṣakẹ́tẹ́ ti san 800,000 fún irú ẹ̀. Wọ́n fún un ní páálí kan tó ń dán yinrin, wọ́n ya bàálù sí i lórí, wọ́n wá kọ "aéronotique" sí i. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, èmi tí mi ò kàwé púpọ̀ ni mo rí i. A padà síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà.

Ìyá_Ìbejì (Montréal):
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Àbúrò mi, ẹ kú ìbéèrè. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, irun ni mò ń dì tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ìgbà tí mo bá ọkọ mi wá síbí ni mo wá iṣẹ́ ọwọ́ tí mi ò ní máa fi gbogbo ayé mi nulẹ̀. Iléèwé ìjọba kan wà ní Montréal níbí, École des métiers de l'aérospatiale, wọ́n ní díplómù tí wọ́n ń pè ní montage de câbles et de circuits, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, torí náà àwa ará Benin kì í tún ń kọ́ èdè kí a tó kọ́ iṣẹ́. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé gẹ̀ẹ́sì ló wà lára àwòrán iṣẹ́ o, ọ̀pọ̀ ìgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń di ìdì wáyà, mo rò pé rọ́bà onítẹ́ẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi ń so nǹkan ni wọ́n máa fún wa, àṣé òwú ni. Òwú pẹlẹbẹ tí wọ́n kùn ní ìda, ẹ máa lọ́ ọ yí ìdì náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó gùn orí ara ẹ̀, ẹ óò wá ta kókó méjì tó dojú kọra lé e, ẹ óò gé ìdí ẹ̀ kù díẹ̀. Kò gbọdọ̀ le jù kó má bàa gé ara wáyà, kò gbọdọ̀ dẹ̀ kó máa sún. Ọkùnrin tó jókòó ti mí, ẹnjiníà ni nílùú ẹ̀, ó di mẹ́rin ó ń làágùn, èmi ti di ogójì. Olùkọ́ dúró tì mí ó ní níbo lo ti kọ́ ọ, mo ní orí àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ẹni tó ti fi òwú kó irun rí mọ ìwọ̀n tí òwú ń le dé kí orí tó máa dunni. Nítorí náà ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ má rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, níbi tí mo wà obìnrin pọ̀ lórí pátákó ju ọkùnrin lọ.

Ọmọ_Àkàbà (Casablanca):
Òótọ́ ni ìyá wí, níbí pàápàá obìnrin ló pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti Mòrókò bọ̀ ọ́ nítorí pé Toulouse àti Montréal nìkan ni ojú àwọn èèyàn wa máa ń wò. Ní Nouaceur, lẹ́bàá pápákọ̀ Casablanca, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan bàálù ti kóra jọ síbẹ̀, láti 2001 ni èyí tí Boeing bá àwọn míì dá sílẹ̀ tí ń ṣe wáyà níbẹ̀, iléèwé kan sì wà fún un, Institut des Métiers de l'Aéronautique, láti 2011. Sáà mọ̀ pé iléèwé yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ló ń rán èèyàn wá síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti fẹ́ gbà níṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́, ọmọ ilẹ̀ wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń wò. Èmi, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yunifásítì ìjọba Mòrókò ni mo bá wọlé, èyí tí AMCI, àjọ ìjọba wọn, máa ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà, ilé ìjọba wa ní Kútọnu ni mo ti gba fọ́ọ̀mù, n kò san kọ́bọ̀ fún ẹnì kankan. Mo ṣe electronics, lẹ́yìn náà ni mo rí sítáàjì, ibi ìkọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ló gbà mí kí n tó fọwọ́ kan wáyà bàálù. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà oṣù mẹ́ta, kó mú mi lọ.

Ọmọ_Wàndó:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìyá mi ti gbọ́, wọ́n ní kí n bá wọn dúpẹ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń wò mí bíi pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Kétu, ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣé ó yàtọ̀ sí tèmi tí mò ń jó wáyà pọ̀ ní Wàndó? Sódà ṣáà ni sódà.

Ará_Kétu:
Sódà kì í ṣe sódà àbúrò, màá dé orí ìyẹn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń wọlé. Wáyà tí à ń lò, èyí tí nọ́ńbà ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 22 tí ó wọ́pọ̀ yẹn, okùn bàbà tín-ín-rín 19 ló wà nínú ẹ̀, ike tó bò ó ò ní àwọ̀ bíi ti ràdíò ẹ, funfun ló pọ̀ jù, nọ́ńbà ni wọ́n fi iná lésà tẹ̀ sí i lára. Torí náà má rò pé o máa fi pupa mọ pupa. Wàá gé e bí ìwé ṣe wí, wàá bó orí ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń bó o, wàá gbé e sábẹ́ awò, wàá ka okùn yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, okùn kan bá gé nínú 19 yẹn, o gé orí wáyà náà dànù o tún bẹ̀rẹ̀. Bí wáyà ò bá gùn tó mọ́, wáyà tuntun.

Tó o bá bó o tán, wàá ki orí ẹ̀ bọ inú ìdí píìnì, irin kékeré tó máa wà lẹ́nu wáyà. Ihò kékeré kan wà lára ìdí píìnì yẹn, abẹ́rẹ́ ló jọ, o gbọ́dọ̀ rí bàbà nínú ihò yẹn, tó ò bá rí i a jẹ́ pé wáyà ò wọlé tán. Ìgbà náà lo máa wá fi pùláyà tẹ̀ ẹ́ pa, sertissage nìyẹn, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ní crimp. Pùláyà yìí kì í ṣe pùláyà tó o mọ̀, ẹnu mẹ́rin ló ní tó ń pa dé láàárín, ó ní eyín nínú, tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kò ní là títí wàá fi tẹ̀ ẹ́ dópin, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ń rẹ ọwọ́ ọmọ èèyàn, ọwọ́ tó rẹ̀ a máa tẹ nǹkan dé ìdajì. A kì í fi sódà bọ ibi tí a bá tẹ̀, a kì í sì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá bàjẹ́, gé e.

Lẹ́yìn ìyẹn la máa to wáyà sórí pátákó, wọ́n ya àwòrán ìdì yẹn sórí ẹ̀ bó ṣe gùn gan-an, ìṣó wà níbi tí wáyà ti máa yà. Bí òfì ni, ẹni tó bá ti rí ìyá aláṣọ òfì á mọ ohun tí mò ń wí. Ibi tí o bá sì ti ṣẹ́ wáyà, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kó mú bí orúnkún, ìlọ́po mẹ́wàá ìbú ẹ̀ ni ìtẹ̀kọ́rọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ó kéré tán. Ohun tí mo wí yìí, tún un ṣe nígbà 200 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lórí ìdì kan ṣoṣo. Ìyẹn ni láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kó má wá.

Ṣábẹ̀ẹ́_Kansas (Wichita):
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n Kétu ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ti Amẹ́ríkà ni màá sọ nítorí mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń ná owó tán kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Wichita yìí ìlú bàálù ni, iṣẹ́ wà, àmọ́ òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní ITAR, ohun tó bá ti kan ọmọ ogun tàbí nǹkan ìjà, àfi ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó ní green card, ìwé ìgbélùú wọn, tàbí ẹni tí ìjọba gbà gẹ́gẹ́ bí asásálà ló lè wo àwòrán ẹ̀ pàápàá. Ilé iṣẹ́ kan náà lè máa ṣe ti ogun àti ti èrò, wọ́n á kúkú ní àwọn ò gba ẹlòmíì rárá. Torí náà ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun á fi fisa oṣù díẹ̀ gbé ẹ wá síbí wá ṣe avionics, rìn kúrò níbẹ̀. Èmi, lotérì fisa Amẹ́ríkà ni mo fi wá, àwa ará Benin jẹ àǹfààní ẹ̀ lásìkò tí wọ́n ti yọ àwọn ará Nàìjíríà kúrò nínú ẹ̀. Ilé ìkẹ́rù ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kí n tó rí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti kọ́ mi ní wáyà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a wọ kíláàsì, olùkọ́ ò fọwọ́ kan wáyà. Ó sọ ìtàn Swissair 111 fún wa. 2 oṣù kẹsàn-án 1998, bàálù náà gbéra ní New York, ó ń lọ Geneva, iná ràn lókè àjà yàrá àwọn awakọ̀, ó já sínú òkun lẹ́bàá Kánádà, èèyàn 229, kò sẹ́ni tó yè. Àwọn ará Kánádà tó wádìí ẹ̀ wá èyí tó pọ̀ jù nínú èérún ẹ̀ jáde nínú omi, ohun tí wọ́n rí ni pé ó jọ pé ibi tí wáyà ti ń ta iná ló ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi bo ara bàálù nínú sì gbé iná náà lọ. Olùkọ́ wá na wáyà kan sókè, kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ, ó ní ẹ máa wò ó. Ó lọ mu kọfí ẹ̀. Wákàtí kan la fi jókòó tí à ń wo wáyà.

Bàbá_Ràdíò (Àjàṣẹ́):
Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Láti ayé ààrẹ Kérékù ni mo ti ń tún ràdíò ṣe ní Àjàṣẹ́ yìí, eyín mi ni mo fi ń bó wáyà, kò sí ràdíò tó gbé dé iwájú mi tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ń ka okùn 19, ẹ̀yin ń wo ihò abẹ́rẹ́. Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yìí jàre. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́.

Ará_Kétu:
Bàbá, ẹ kú àgbà o, a dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣí ọ̀nà fún gbogbo wa. Àmọ́ bàbá, ràdíò tó bá dákẹ́, onílé ẹ̀ á gbé e padà wá bá yín lọ́jọ́ kejì.

Bàbá_Ràdíò:
Hmm. Ó dáa. Mo gbọ́.

Ìyá_Ìbejì:
Bàbá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àgbà. Ẹ tiẹ̀ lè ràn ọmọ yìí lọ́wọ́ nípa sódà tẹ́ ẹ lò láyé yín, torí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Sódà pọ́táábù tó ń lò ní Wàndó, púpọ̀ nínú ẹ̀ báyìí kò ní òjé mọ́, ó máa ń gbóná kọjá 217 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó yọ́. Lágbo bàálù òjé ṣì wà, nínú 100, 63 tánganran 37 òjé, ní 183 géérégé ló ń yọ́, kì í rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó máa ń yọ́ lẹ́ẹ̀kan ni. Ìdí tí wọn ò fi jáwọ́ nínú ẹ̀ ni pé tánganran tí kò ní òjé máa ń hu irun, irun tín-ín-rín bíi ti ológbò, á gùn títí á fi kan píìnì kejì. Ilé ayé kún fún nǹkan, irin ń hu irun! Torí pé òjé wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jẹun nídìí tábìlì, ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan búrẹ́dì. Àbúrò, ìwọ náà máa fọ ọwọ́ ẹ ní Wàndó, mo mọ̀ yín, ẹ óò máa fi ọwọ́ kan ṣe sódà, ẹ óò fi ọwọ́ kejì mú àkàrà.

Ọmọ_Àkàbà:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé iná ara. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé a mọ̀ ọ́n nílé a kò ka sí. Ṣé ẹ rántí ìgbà ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá bọ́ ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù lóru nínú òkùnkùn, á máa ta pàpàpà, ẹ óò rí iná wẹẹrẹ? Iná yẹn ni. Kí ara ẹ tó lè mọ̀ pé ó ta, ó ti tó nǹkan bíi 3,000 volt, ìwọ̀n agbára iná, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀rọ kékeré mìíràn tó wà lórí bọ́ọ̀dù, èyí tí kò tó 100 lè pa wọ́n. Á pa á, ìwọ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó burú ni èyí tí kò kú tán, á ṣiṣẹ́ nínú ìdánwò, á kú lókè. Torí náà gbogbo wa ń so ẹ̀gbà sọ́rùn ọwọ́, wáyà ẹ̀ ń lọ sí ilẹ̀, résísítọ̀ mílíọ̀nù kan óòmù wà láàárín kí kúràn má bàa fi ẹ̀gbà yẹn pa ẹni tó so ó. Ní Wàndó, ẹ̀gbà yẹn ò wọ́n, rà á. Á gba pọ́táábù oníbàárà ẹ náà lọ́wọ́ ikú.

Zẹm_Kò_Sùn:
Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ihò abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó sọ iye.

Ará_Kétu:
Ẹlẹ́ẹ̀rín ni ẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níbí, owó ẹ̀ kì í jìnnà sí SMIC, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà. Nígbà tí wọ́n tún SMIC ṣe ní oṣù 11 ọdún 2024, ó jẹ́ 1,801.80 euro lóṣù, wọn ò tíì yọ tiwọn. Tó o bá sọ ọ́ di CFA, 655.957 fún euro kan, ó lé ní mílíọ̀nù kan, SMIG, irú ẹ̀ tiwa nílé, 52,000 ni wọ́n sọ ọ́ dà ní 2023, orí ẹ á yí. Kó má yí ẹ. Yọ owó ìjọba, yọ ilé, yọ ọkọ̀ torí ilé iṣẹ́ máa ń jìnnà sí ìlú, yọ ti ìyá tó wà nílé. Ẹni tó ti pẹ́, tó ní òǹtẹ̀, tó lè ka àwòrán tó le, tó gbà láti ṣe òru, owó ẹ̀ ń gòkè, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Iṣẹ́ yìí kò sọ ẹnikẹ́ni dolówó, ó ń jẹ́ kéèyàn sùn.

Mo ní kéèyàn lè ka àwòrán. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nítorí àbúrò yìí lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lónìí láì kúrò ní Àjàṣẹ́. A380, bàálù ńlá alájà méjì ti Airbus yẹn, wáyà inú ẹ̀ tó kìlómítà 530, bí ẹni láti Kútọnu lọ kọjá Pàràkú ni, kó wá kù. Ní 2006, ìdì wáyà tí wọ́n ṣe ní Hamburg dé Toulouse, wọ́n fẹ́ tò ó, kò dé ibi tó yẹ kó dé. Kò sí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ burú o. Àwọn tó yàwòrán níbẹ̀ àti níbí, ẹ̀rọ ìyàwòrán kọ̀ǹpútà wọn kò rí bákan náà, ti ìhà kan ti di tuntun, ti ìkejì ṣì jẹ́ ti àtijọ́, iye tí wáyà máa gùn kò wá bára mu níbi tó ti ń yà. Ìdádúró yẹn lé ní ọdún kan, owó ìpín ilé iṣẹ́ náà já lulẹ̀ lọ́jà ìdókòwò, àwọn ọ̀gá ńlá kúrò nípò. Wáyà tó kúrú díẹ̀! Torí náà kọ́ àwòrán kíkà. Gbogbo bọ́ọ̀dù tó bá kọjá lọ́wọ́ ẹ, má kàn tún un ṣe, ya á sórí ìwé, tọ ipa wáyà kọ̀ọ̀kan, fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó o yà bá a mu.

Ìyá_Ìbejì:
Kí ó sì máa kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sínú kayé, ìwé àkọsílẹ̀. Ọjọ́, bọ́ọ̀dù, ohun tó rí, ohun tó yí padà. Nígbà tí mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kayé irun mi ni mo mú lọ, orúkọ oníbàárà àti irú òwú tí mo lò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n gbà mí.

Ṣábẹ̀ẹ́_Kansas:
Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ojú ń tì mí láti sọ ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ọdún kejì mi, ní ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà, gbogbo irinṣẹ́ ló ní ibi tiẹ̀ nínú fóòmù, wọ́n gé ojú ẹ̀ bí irinṣẹ́ náà ṣe rí, bí ọ̀kan bá kúrò wàá rí ihò ẹ̀ gbayau. Ọjọ́ kan, ẹ̀mú kékeré mi ṣẹ́ ní ẹnu, èérún tó ṣẹ́ kò ju èékánná ọmọ ìkókó lọ. Mo wò yíká, mi ò rí i. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí á lọ ilé. Mo fi ẹ̀mú náà padà sínú ihò ẹ̀, ó jókòó dáadáa, ẹni tó bá wò ó látòkè kò lè mọ̀. Mo lọ ilé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Aago mẹ́ta òru ni mo dé gééètì ilé iṣẹ́, mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá mi. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Èèyàn mẹ́rìnlá kúnlẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n tú ìdì wáyà tí mo ti dì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì gbá ilẹ̀, láti aago mẹ́rin òru títí di aago mẹ́wàá. Inú ìbọ̀sẹ̀ mi la ti rí i. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo wọ̀ lánàá tí mo tún wọ̀ wá nínú kánjúkánjú.

Wọ́n gba òǹtẹ̀ mi fún oṣù kan. Kì í ṣe nítorí pé ẹ̀mú ṣẹ́ o, ẹ̀mú ẹlòmíràn ti ṣẹ́ rí. Nítorí ogún ìṣẹ́jú yẹn ni. Ìbínú ṣì wà nínú mi díẹ̀ torí pé wọ́n pè mí síwájú gbogbo èèyàn bí ọmọ iléèwé, n kò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó padà wá fúnra ẹ̀.

Ọmọ_Àkàbà:
Ẹ̀gbọ́n ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ_Wàndó:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ọ̀gbẹ́ni Kútọnu pè lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, ó ní òun ti gbà 1,200,000. N kò gbé e. Ìyá mi ti ní kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ má wulẹ̀ wá mọ́, wọ́n wá ń bi mí bóyá irun dídì ni kí n lọ kọ́. Mo ti ra ẹ̀gbà ọwọ́, mo ti ra kayé, màá béèrè fọ́ọ̀mù AMCI lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àbúrò mi obìnrin náà sì fẹ́ mọ̀ nípa iléèwé Montréal, ìyá ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ó máa kọ̀wé sí yín.

Mo wá dán ti bíbó wáyà yẹn wò. N kò fi eyín ṣe é o, bàbá ẹ má bínú. Kéébù kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni mo gé, okùn méje ló wà nínú wáyà kọ̀ọ̀kan, mo ti kọ́kọ́ kà á lára èyí tí mo gé pẹlẹbẹ. Mo bó o pẹ̀lú abẹ pélébé, mo fi awò àwọn oníwọ́ọ̀ṣì wò ó, ó dán, ó gún, inú mi dùn títí mo ya fọ́tò ẹ̀ síbí. Ẹ wò ó. Mo kà á, mẹ́fà ni. Ṣé mẹ́fà nínú méje kò tíì dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì:
Fọ́tò ẹ̀ mọ́. Abẹ yẹn ni, ó ń fi ẹnu gé okùn ẹ̀gbẹ́. Ra ohun tí wọ́n fi ń bó o gan-an, èyí tó ní ihò ìwọ̀n ìwọ̀n. Gé e dànù, tún òmíràn bó.

Ará_Kétu:
Mẹ́fà. Ìkeje dà?

Ọmọ_Wàndó:
Kí lẹ wí ẹ̀gbọ́n?

Ará_Kétu:
Okùn keje tó gé. Níbo ló wà báyìí? Pọ́táábù oníbàárà mélòó ló ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ?

Ọmọ_Wàndó:
Mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀, mo ń wá a.